Ìyá Tí Àwòrán Kò Rí

Bí ẹ bá bi àwọn ará ilé mi léèrè, wọn á ní ara mi le, wọn á ní mo ti di ọ̀gá ní Bouaké. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ bí mo ṣe di ọ̀gá náà, kí ẹ lè mọ ìdí tí n kì í fi í rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń kí mi kú oríire.

Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. N kò ní sọ ti ọ̀nà. Ọ̀nà gùn, ó sì tán. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nígbà tí mo dé kì í ṣe èdè, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Orúkọ mi ni. Nílé, láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí, ta ló tún ń pe orúkọ mi? Bàbá mi, ìyá mi, àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá Ṣẹ́gun ni mo jẹ́ lẹ́nu gbogbo ayé tó kù. Àmọ́ ní Bouaké, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ló gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ mi, tó ka orúkọ mi jáde gbalau bí ẹni ń ka orúkọ ẹrù. Bí wọn kò bá sì pe orúkọ, wọn á ní, "Hé, Anago!" bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. Orúkọ inú ìwé ni mo jẹ́, tàbí kí n jẹ́ ẹ̀yà mi. Èmi tí mo wà láàárín méjèèjì, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí.

Àfi ẹnì kan.

Mo jókòó sórí àkàsọ̀ ilé iṣẹ́ kan ní àdúgbò Commerce láti òwúrọ̀, mò ń wáṣẹ́. Abọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, abọ́ tánganran àti onírọ́bà, ìkòkò, garawa, wọ́n ń tà á lọ́pọ̀ fún àwọn tó ń lọ tún un tà. Obìnrin kan jáde tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo ilà ojú mi.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ńtì. Àwọn tó ń gbẹ́rù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé mo ṣubú ni.

"Dìde, ilẹ̀ yẹn dọ̀tí. O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá."

"Irọ́ lo ń pa. Ẹnu rẹ gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀, bẹ́ẹ̀ agbélébùú ló wà lọ́rùn rẹ."

Ó bu àtíékè fún mi pẹ̀lú ẹja díndín. Mo ní ó dà bíi gààrí tí òjò pa. Ó ní, "Gààrí ni lóòótọ́. Ó kàn ti gbọ́ Faransé ni." Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, mo ti wà lára àwọn tó ń gbẹ́rù.

Ọmọ Ṣakí ni obìnrin náà. Ìyá Mùsílì ni àwa Anago ń pè é. Mùsílì fúnra rẹ̀ ti kú kí n tó dé Bouaké, òun nìkan ni ìyá náà bí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bọ́ orúkọ ọmọ kúrò lára ìyá rẹ̀? A ń pè é bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ìwé ilé iṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbálẹ̀, kó sì máa fi bébà wé abọ́ kó má fọ́. Ohun tí ìwé sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lóko: kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sára igi pé ibí ni ọ̀nà odò. Ibi tí koríko kò bá ti hù lẹ ó gbà, ẹ ó sì dé odò. Kò sí koríko kankan lọ́nà yàrá Ìyá Mùsílì. Ẹni tó ń wá irú abọ́ kan tì, ibẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tí oníbàárà láti ìlú kékeré Djébonoua bú, ibẹ̀ ló ń lọ. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá inú ọ̀gá dùn lónìí kó tó wọlé tọ̀ ọ́, ibẹ̀ náà ni. Èmi tí mo wá di olórí ilé ìkẹ́rùsí nígbà tó yá, kò sí ọjọ́ kan tí n kì í yà síbẹ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyàwó mi á pè láti ilé.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, Bàbá Ṣẹ́gun? Ẹ má dá wà o."

"Ìyá wa wà."

"Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní mò ń dúpẹ́."

Kò rí i rí. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì wá sọ ti owó iléèwé.

Nígbà tí bàbá tó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ ti Abidjan dé, ó di ọ̀gá àgbà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàwé, ó sì fẹ́ kí gbogbo nǹkan yé òun kíákíá. Òun ló pe Màdámù Àkísì, ọmọbìnrin ẹ̀yà Baoulé kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀gá níṣẹ́ káàkiri, kó wá kọ́ àwa tá a jẹ́ olórí ẹ̀ka ní ọgbọ́n tuntun.

Mo lọ jókòó sẹ́yìn. Mo rò pé oorun ni n ó sùn. N kò sùn.

Ó na ọwọ́ sí bébà ńlá ara ògiri, èyí tí ọ̀gá àgbà wà lókè rẹ̀, tí àwọn agbálẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó ní, "Èyí sọ bí àṣẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ." Ó wá fa àmì róbótó sára pátákó, ó ní ènìyàn kan nìyí. Ó fa òmíràn. Ó ní bí iṣẹ́ bá dí ẹni yìí lọ́wọ́, tó bá lọ bá ẹni yẹn fún ìrànlọ́wọ́, a ó fa okùn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni náà. Bí a bá bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè kan náà, tí a fa gbogbo okùn wọn, a ó rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. A ó rí ẹni tí okùn wọ́ jọ sọ́dọ̀ rẹ̀, bóyá kò tilẹ̀ ní oyè kankan. A ó rí ẹni tó dúró láàárín àwọn ará ẹ̀ka wa ní Botro àti àwa ti Commerce bí afárá, tó jẹ́ pé bó bá lọ, apá méjèèjì kò ní gbúròó ara wọn mọ́. A ó mọ ẹni tó yẹ ká kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ bí a bá fẹ́ kí òfin tuntun wọ ara ènìyàn. A ó sì rí ẹni tó dá wà.

"Èyí tó dá wà yẹn," ọ̀gá àgbà ní, "a jẹ́ pé kò wúlò?"

"Rárá, Patron. A jẹ́ pé ká lọ béèrè. Àwòrán yìí kì í ṣe ohun tí a fi ń lé ènìyàn. Ohun tí a bá bi í nìkan ló mọ̀."

Ó fẹ́ràn ìdáhùn náà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tó kọ ọ́.

Inú mi dùn débi pé mo sún síwájú. Ohun tí mo ti mọ̀ láti kékeré ni ọmọbìnrin yìí ń sọ, ọ̀nà odò ni, koríko ni. Àfi pé òun mọ̀ ọ́n yà. Ó rí i pé mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Dioula, mo gbọ́ Faransé, ó ní, "Tọ́ńtọ̀n," bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀, "ẹ bá mi bi àwọn tí kò lè kọ̀wé. Ohun tí wọ́n bá sọ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ, ẹ má fi ti yín kún un."

Mo lọ bá Ísúfù, awakọ̀ ọ̀nà Botro.

"Bí ọkọ̀ bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́nà, ta lo ń pè?"

"La Vieille."

"Arúgbó kẹ̀? Mẹkáníìkì ńkọ́?"

"Mẹkáníìkì kì í gbé fóònù mi. Bí La Vieille bá pè é, eré ló máa sá wá. Ó mọ ìyá rẹ̀."

Mo kọ "La Vieille". Àwọn Dioula tó ń gbẹ́rù ní "Mùsòkọ̀rọ̀ba", ìyá àgbà nìyẹn. Mo kọ ọ́. Àwọn obìnrin Anago tó ń wé abọ́ ní "Ìyá Mùsílì". Mo kọ ọ́. Àwọn akọ̀wé kéékèèké tó kọ tiwọn fúnra wọn, "Tántì Anago" ni wọ́n kọ. Bí mo bá bi èyíkéyìí nínú wọn pé kí ni orúkọ ìyá yìí gan-an, wọn á rò pé orí mi ti dàrú.

Ó kan èmi. Mo mọ orúkọ inú ìwé: Ráàjí Sàláwátù. Mo máa ń rí i lóṣooṣù. Mo gbé bíírò sórí bébà, ọwọ́ mi kọ̀. Kí èmi tí mo jẹ àtíékè rẹ̀ nígbà tí n kò ní nǹkan wá kọ orúkọ rẹ̀ lásán bí orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀? Mo kọ "Ìyá wa".

Ọjọ́ tí wọ́n tan àwòrán náà sára ògiri, gbogbo wa sún mọ́ ọn. Ó dára lójú. Àmì róbótó kún un, okùn ń gba ara wọn kọjá. Mo wá okùn tèmi, mo rí i: ó lọ sọ́dọ̀ àmì kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́, "Ìyá wa", kò sí okùn mìíràn lára rẹ̀. Níwájú díẹ̀, "La Vieille", okùn bíi mélòó kan. "Mùsòkọ̀rọ̀ba" wà ní tiẹ̀. Ìyá Mùsílì. Tántì Anago. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àlejò tí a kò fún ní àga. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, Ráàjí Sàláwátù wà, òun nìkan, láìsí okùn kan ṣoṣo.

Mo rí i pé ẹnì kan náà ni gbogbo wọn.

Màdámù Àkísì ní, "Àwọn orúkọ kan wà ní ẹ̀gbẹ́ yìí tí n kò rí nínú ìwé òṣìṣẹ́. Mo gbà pé ìyá yín nílé ni wọ́n, tàbí aládùúgbò. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi." Ó wo yípo. Ó wo èmi náà.

Mo la ẹnu.

Ìgbà náà ni ọ̀gá àgbà dìde, ó na ọwọ́ sí àmì kan láàárín, ó tóbi bí òṣùpá. "Ta nìyí?"

"Olórí ilé ìkẹ́rùsí ni, Patron. Òun ni okùn wọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ jù."

Èmi ni. Nígbà tí wọ́n pín ìyá kan sí márùn-ún, èmi ló kù tí mo tóbi jù. Ọ̀gá àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní, "Anago yìí, ó tó bẹ́ẹ̀!" Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nílùú onílùú, n kò tóbi lójú ẹnikẹ́ni rí. Mo pa ẹnu mi dé. Mo ní n ó sọ fún Màdámù lọ́la.

Nígbà tí ọ̀la dé, ọmọbìnrin náà ti wà lọ́nà Abidjan ní òwúrọ̀. Mo ní n ó pè é. N kò pè é.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní tèmi, èmi ni mo dákẹ́, ti ẹlòmíràn ló bá mi dákẹ́. Tèmi ń ké bí àkùkọ. Wọ́n kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn mi pé mo ti di olórí gbogbo ilé ìkẹ́rùsí, títí dé Botro.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé ti ọ̀dọ̀ àwọn onípìn-ín ilé iṣẹ́ ní Abidjan dé. Ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ dín kù, àwọn tí kò ní okùn nínú àwòrán tí a fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀gá àgbà ti fọwọ́ sí i. Orúkọ kẹta ni Ráàjí Sàláwátù.

Mo sáré wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà.

"Patron, ẹ jọ̀ọ́, Ráàjí Sàláwátù yìí…"

"Ta nìyẹn?"

"Ìyá tó ń wé abọ́ ni."

Ó gbórí sókè. "La Vieille? La Vieille tèmi?" Ìyá yìí ló pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá tó bí i ń ta ọjà níwájú ilé iṣẹ́ náà. Ó fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n lé e, kò mọ̀ pé ìyá náà ni.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: orúkọ márùn-ún, ènìyàn kan. Ó gbé orí lé ọwọ́.

"Ìwọ lo gba ohùn wọn. Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ó yí ojú sí fèrèsé.

"Ìwé ti lọ. Bí mo bá ní kí wọ́n yọ ẹnì kan kúrò, wọn á ní n kò mọ àwọn òṣìṣẹ́ mi. Wọn á tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Tìẹ náà."

Tìẹ náà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Kò halẹ̀ mọ́ mi.

Mo pe Màdámù Àkísì. Ó tẹ́tí sí mi dé òpin.

"Tọ́ńtọ̀n, mo béèrè. Ojú yín ni mo wò tí mo fi béèrè."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

"Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi lé ènìyàn." Ó ní òun yóò kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́ lóòótọ́, ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Wọn kò dá a lóhùn.

Mo lọ bá Ìyá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó ń ká bébà àtijọ́ tí a fi ń wé abọ́.

"Ìyá, ìwé kan dé."

"Mo ti gbọ́. Ísúfù ti wá sunkún síbí, mo ní kó lọ wakọ̀ rẹ̀."

"Èmi ni mo fà á."

"Ìwọ kẹ̀? Ṣé ìwọ lo ni ilé iṣẹ́ ni?"

Mo sọ ọ́ fún un. Nígbà tí mo dé ibi àwọn orúkọ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Márùn-ún! Èmi nìkan! Ìwọ ńkọ́, kí lo kọ?"

"Ìyá wa."

Ó mi orí. "Ilé rẹ kọ́ ọ. O kò já orúkọ mi sílẹ̀ bí ọmọ asínwín." Ó ká bébà kan sí i. "Nígbà tí ọmọbìnrin yẹn wá béèrè ńkọ́?"

Mo bá a ká bébà kan.

"O kò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, Ìyá."

Ó gbé bébà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní.

Ní ìparí oṣù, ó lọ sí Djébonoua, lọ́dọ̀ ọmọ orogún rẹ̀ kan.

Ẹ má rò pé ilé iṣẹ́ wó. Kò wó. Ó kàn ń fì ni. Botro béèrè garawa, a kó ìkòkò lọ. Mẹkáníìkì kì í dáhùn. Ísúfù àti àwọn agbẹ́rù kì í bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tí yóò pè wọ́n jókòó. Wọ́n ń wá bá mi, nítorí wọ́n kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn. "Ọ̀gá, báwo la ó ṣe ṣe é?" Èmi náà á dìde, n ó jáde, n ó ti gba ọ̀nà yàrá rẹ̀ dé ìdajì kí n tó rántí. Òkítì páálí ni wọ́n kó síbẹ̀ báyìí.

Ìyàwó mi pè.

"Oríire ńlá! Ṣẹ́gun ní ẹ ti di ọ̀gá pátápátá! Ìyá wa á ti jó títí."

"Wọ́n ti lọ sí Djébonoua."

"Lọ ṣe kí ni?"

"Fóònù ń já," mo ní. Kò já.

Mo ti ronú lórí kí ni à ń pè ní jíjẹ́ ará ibì kan. Nílé, a bí ọ síbẹ̀, ó tán. Lẹ́yìn odi, ó dà bíi pé iye ènìyàn tí yóò mọ̀ bí o kò bá jí lówùúrọ̀ ni. Okùn mélòó ló wá sọ́dọ̀ mi nínú àwòrán yẹn? N kò kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí nìkan ni wọ́n wá gbà.

Mo lọ sí Djébonoua lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kìíní, a sọ̀rọ̀ òjò. Ìgbà kejì, ó fún mi níṣu. Ìgbà kẹta, mo bá a nídìí òkítì iṣu rẹ̀ lẹ́bàá títì, mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó ní kí n dìde, ó gba ọṣẹ àti ṣúgà tí mo mú wá, ó ṣàdúrà sí i. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n jókòó.

"Fetí sí mi dáadáa. Má wá mọ́."

"Ìyá?"

"N kò bínú. Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí o bá wá, lákọ̀tun ni mo ń dárí jì ọ́. N ó rí ọ lókèèrè, yóò tún dùn mí, n ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, títí o ó fi dé ibi tí mo wà. Mo ti darúgbó. Agara rẹ̀ ti dá mi."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Oníbàárà kan dúró, ó ń béèrè iye iṣu. Ìyá yí ojú sí i, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó ń bá a sọ Baoulé.

Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́bàá títì. Ọkọ̀ Bouaké dé, awakọ̀ yọ orí jáde, ó wo èmi, ó wo ìyá tó wà lẹ́yìn mi.

"Ẹ̀yin mélòó?"

"Ẹnì kan," mo ní.